Máàkì Tó Ga Lè Máà Dára: Bí Wọ́n Ṣe Ń Díwọ̀n Ìdàgbà Ìmọ̀lára Olùkọ́ Gírámà

Olùkọ́ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kejì lẹ́nu iṣẹ́ wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ̀, mo gba 118!" Àwọn kan tó ń ṣe ìwádìí ló wá pín fọ́ọ̀mù fún wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí ìmọ̀lára àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ṣe dàgbà tó, wọ́n sì ti dá èsì kálukú padà fún un. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó, n kò tètè rí ọ̀rọ̀ sọ. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, bí máàkì bá ṣe ń ga sí i ni ọ̀rọ̀ ṣe ń burú sí i. 118 tí àbúrò mi ń tìtorí rẹ̀ yọ̀, ohun tó ń wí ni pé ìmọ̀lára rẹ̀ kò tíì dàgbà rárá.

N kò dá a lẹ́bi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé ẹni tó gba máàkì jù ló mọ̀wé jù. Àṣìyé kan náà ló máa ń bá àwọn òbí àti àwọn oníròyìn nígbà tí àbọ̀ irú ìwádìí báyìí bá jáde. Ẹnì kan á ní olùkọ́ ọkùnrin ló "gba jù," ẹlòmíì á ní ìyẹn fi hàn pé àwọn ló ní sùúrù jù, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè irú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni mo ń ṣe láàárín àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí mo ti rí olùkọ́ tó sunkún lórí nọ́ńbà tí kò yé e, mo sì ti rí ọ̀gá tó fẹ́ fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dá èèyàn lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká tú u wò láti ìdí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìdàgbà ìmọ̀lára?

Ìmọ̀lára ni ohun tó ń lọ nínú wa kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àti kí ọwọ́ tó gbé nǹkan: ìbínú, ẹ̀rù, ìtìjú, owú, ìdùnnú, àánú. Kò sí ẹni tí kò ní i. Àmọ́ pé ìmọ̀lára èèyàn dàgbà kò túmọ̀ sí pé kì í bínú mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ tí ọmọ rí fín lójú gbogbo kíláàsì, tí kò bínú, tí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé nǹkan kan ò kàn án mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìdàgbà, àárẹ̀ ni. A kì í torí pé ọkọ̀ ò lè sáré pè é ní ọkọ̀ tó dára. Èyí tí bíréèkì rẹ̀ ń mú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ìmọ̀lára rẹ̀ dàgbà máa ń mọ ohun tó ń ṣe é lásìkò tó ń ṣe é. Ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé "ojú ló ń tì mí yìí, mi ò bínú." Àyè díẹ̀ máa ń wà láàárín ohun tó rí lára àti ohun tó máa ṣe. Bí nǹkan bá ti kọjá, ọkàn rẹ̀ á padà sípò, kò ní gbé ìjà kíláàsì àárọ̀ wọ kíláàsì ọ̀sán. Kì í sì í dúró dìgbà tí ẹlòmíì bá yìn ín kó tó gbà pé òun wúlò. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ tí wọ́n fi ní ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Òwe náà kò sọ pé inú kò gbọdọ̀ bíni. Ohun tó ń wí ni pé kí á má jẹ́ kí ìbínú jẹ́ olórí.

Nǹkan mẹ́ta ló wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ ìyàtọ̀ wọn sí ìdàgbà ìmọ̀lára. Àkọ́kọ́ ni òye ìmọ̀lára, tí Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1990, tí ìwé Daniel Goleman ti ọdún 1995 sì sọ di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Òye ni kí èèyàn lè ka ojú ẹlòmíì àti inú ara rẹ̀, bí ẹni tó mọ gbogbo òfin ojú pópó lórí. Ìdàgbà ni bó ṣe ń wakọ̀ nígbà tí ẹlòmíì bá já wọ iwájú rẹ̀ lójijì. Ìkejì ni ìwà àbínibí: ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, a kò lè torí ìyẹn pè é ní àgbà ọkàn. Ìkẹta ni àárẹ̀ iṣẹ́, èyí tí mo ṣì máa padà sí, torí òun ló ń fa àṣìṣe tó burú jù.

Kí ló dé tó jẹ́ olùkọ́ gírámà ni wọ́n ń wò?

Ẹ wo olùkọ́ kan tó kọjú sí pátákó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ ìṣirò. Ẹnì kan sín ohùn rẹ̀ jẹ láti ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ̀rín bú. Ó yí padà. Láàárín ìgbà tó yí padà àti ìgbà tó la ẹnu, bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, gbogbo ojú tó wà nínú yàrá yẹn ló ń wo ojú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ni gbogbo òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbìyànjú láti dé, tí wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé.

Àwọn ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ ti wọ ọjọ́ orí ìbàlágà tàbí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tó máa ń sọ fún èèyàn pé "dúró ná," kì í gbó tán títí èèyàn á fi sún mọ́ ọmọ ọdún 25, bẹ́ẹ̀ sì ni apá tó ń ru ìmọ̀lára sókè ti ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan látìgbà ìbàlágà. Nítorí náà, nínú yàrá tó kún fún ọkọ̀ tí bíréèkì wọn ò tíì mú dáadáa, olùkọ́ nìkan là ń retí pé kí tirẹ̀ mú. (Ẹ má sì gbàgbé pé olùkọ́ ọmọ ọdún 23 wà, tí tirẹ̀ gan-an ṣì ń gbó lọ. Ó yẹ kí á ṣàánú irú wọn.)

Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fi orúkọ kan sí irú iṣẹ́ yìí nínú ìwé tó ṣe ní ọdún 1983: iṣẹ́ tó jẹ́ pé títọ́jú ìmọ̀lára ẹni wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń sanwó fúnni. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín bí inú wọn ò tilẹ̀ dùn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wò. Olùkọ́ náà ń ṣe é, kíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn. Ní 2009, àwọn olùwádìí méjì, Patricia Jennings àti Mark Greenberg, ṣàlàyé bí nǹkan ṣe máa ń yí po: bí olùkọ́ kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kíláàsì á dàrú, bí kíláàsì bá dàrú, á rẹ olùkọ́, bó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ìjánu á túbọ̀ já.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí?

Kò sẹ́ni tó fojú rí ibà rí. Ohun tí à ń rí ni nọ́ńbà orí tẹmọ́mítà, òun la sì fi ń mọ̀ pé ara gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ ìmọ̀lára.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n bi èèyàn léèrè nípa ara rẹ̀. Wọ́n á kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, bíi kí wọ́n ní "ohun kékeré máa ń mú mi bínú," wọ́n á sì to ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti orí "gan-an ni" títí dé "rárá." Rensis Likert ló mú irú ìdáhùn onípele yìí jáde ní 1932, kò sì sí bí ẹ kò ṣe ní tíì bá a pàdé níbì kan. Ó yá, kò gbówó lórí, èèyàn ẹgbẹ̀rún kan lè ṣe é lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ẹni tó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́ lè máa rò ní tòótọ́ pé òun kàn ń sọ̀rọ̀ sókè ni.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bi àwọn ọmọ tàbí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n kúkú rán ẹni tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ lọ jókòó sí kíláàsì. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní CLASS, tí Robert Pianta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan lára irú èyí. Ẹni tó ń wò máa ń fún olùkọ́ ní máàkì láti 1 dé 7 lórí bí ó ṣe ń bá àwọn ọmọ lò, àtìlẹ́yìn fún ìmọ̀lára wọn sì wà lára ohun tó ń wò. Níbẹ̀, máàkì tó ga dára, àfi lórí apá kan ṣoṣo tó ń wo ìkanra àti ìfiniṣẹ̀sín nínú kíláàsì. Níbẹ̀ yẹn, èyí tó kéré ló dára. Àbí ẹ ò rí i pé òṣùwọ̀n kan náà lè kọjú sí ibi méjì!

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó dà bí ìdánwò gidi, tó ní ìdáhùn tó tọ̀nà. MSCEIT, tí Mayer, Salovey àti David Caruso ṣe, ní ìbéèrè 141; ó ń fi àwòrán ojú èèyàn hàn, ó sì ń béèrè pé irú ìmọ̀lára wo ló wà níbẹ̀. Òye ni ìyẹn ń wọ̀n. Èèyàn lè yege nínú rẹ̀ kó sì tún ju ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọmọ lọ́la.

Òṣùwọ̀n wo ni àbúrò mi bá pàdé?

Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Yashvir Singh àti Mahesh Bhargava ló ṣe é, ó sì ti di èyí tí àwọn olùwádìí níbẹ̀ máa ń sáré mú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọn ìdàgbà ìmọ̀lára olùkọ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè 48 ló wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn márùn-ún ni kálukú lè mú: "púpọ̀ gan-an" jẹ́ 5, "púpọ̀" jẹ́ 4, "n kò lè sọ" jẹ́ 3, "bóyá" jẹ́ 2, "rárá" jẹ́ 1. Nítorí náà, máàkì tó kéré jù tí èèyàn lè gbà ni 48, èyí tó pọ̀ jù ni 240.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín àwọn ìbéèrè náà sí, ẹ sì fetí sí orúkọ wọn dáadáa. Àkọ́kọ́ ni àìdúró sójú kan ìmọ̀lára: ẹni tó máa ń tètè kanra, tí inú rẹ̀ dùn láàárọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn lọ́sàn-án. Ìkejì ni ìpadàsẹ́yìn: àgbàlagbà tí nǹkan le fún tó wá ń ṣe bí ọmọdé, tó ń dijú, tó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Ìkẹta ni àìlè bá àwùjọ gbé. Ìkẹrin ni ìwà tí kò ṣọ̀kan, bíi kí ẹ̀rù máa ba èèyàn láìnídìí, tàbí kó máa wá àwíjàre fún gbogbo àṣìṣe rẹ̀. Ìkarùn-ún ni àìlè dá dúró, tó jẹ́ pé bí ẹlòmíì ò bá tì í lẹ́yìn, kò lè pinnu nǹkan kan. Ẹ ò rí i pé kò sí ìkankan tó jẹ́ ìwà rere níbẹ̀? Àléébù ni gbogbo wọn. Ohun tí òṣùwọ̀n náà ń kà ni àléébù, bí ẹni tó ń ka ihò ara òrùlé. Bí ihò bá ṣe pọ̀ tó ni máàkì ṣe máa ga tó.

Àlàyé tó bá òṣùwọ̀n náà rìn pín máàkì sí ìpele. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó 81, ìmọ̀lára rẹ̀ dàgbà gan-an. Ẹni tó bá gba 81 sí 88, ìdàgbà rẹ̀ mọ níwọ̀n. 89 sí 106, kò tíì dàgbà. Láti 107 lọ sókè, àìdàgbà rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni àbúrò mi já sí pẹ̀lú 118 rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Bí olùkọ́ kan bá mú "bóyá" fún gbogbo ìbéèrè, tí kò gba àléébù kankan tọkàntọkàn, kí ló máa gbà? 48 lọ́nà 2 jẹ́ 96: kò tíì dàgbà. Bí òmíràn bá jẹ́ olóòótọ́ èèyàn tó ń rò ó jinlẹ̀, tó wá mú "n kò lè sọ" fún gbogbo wọn ńkọ́? 48 lọ́nà 3 jẹ́ 144: àìdàgbà tó pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá sì fi ìkánjú mú "rárá" láti òkè délẹ̀, láìka ìbéèrè tán, 48 ló máa gbà, òun ni àgbà pátápátá. 118 pín sí 48 wà láàárín 2 àti 3. Ìyẹn ni pé ohun tí àbúrò mi sọ nípa ara rẹ̀, bí a bá pa á pọ̀, ò ju "bóyá" àti "n kò lè sọ" lọ. Mo jókòó tì í, mo ṣe ìṣirò yìí fún un lójú ẹ̀, mo sì rí i bí èémí ṣe ń padà wọ inú rẹ̀.

N kò sọ pé òṣùwọ̀n náà kò wúlò o. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi igba èèyàn wé igba èèyàn. Àmọ́ ibi tí wọ́n fa ìlà sí láàárín 106 àti 107, èèyàn ló fà á. Ìlà yẹn kò sí nínú ọkàn olùkọ́ kankan.

Ṣé èèyàn kò lè dáhùn lọ́nà tó máa fi dára lójú ẹni?

Ó lè ṣe é, kódà kò ní mọ̀ pé òun ń ṣe é. Douglas Crowne àti David Marlowe ṣe òṣùwọ̀n kan ní 1960 tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni rere tó. Ìbéèrè 33 ló ní, ó sì ń béèrè àwọn nǹkan kéékèèké tí kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ẹni tó bá ń sẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ó ń ṣe ojú ayé. Olùwádìí tó bá mọṣẹ́ máa ń fi irú èyí ti ìwé ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń dáhùn tún ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n pín fọ́ọ̀mù tiwa, wọ́n ní ká kọ orúkọ wa sókè rẹ̀, wọ́n sì ní kí á kó o jọ sórí tábìlì ọ̀gá. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ tí bírò ń dún kúrúkúrú lórí ìwé bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń mú "rárá," "rárá," "rárá." Ẹnì kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tilẹ̀ ń yọjú wo tèmi kó tó mú tirẹ̀. Èmi náà pa ìdáhùn méjì rẹ́, mo yí wọn padà, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ ni mo pa rẹ́. Àbúrò mi yìí, tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn bẹ̀rù, kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Òun ni wọ́n wá pè ní ẹni tí kò dàgbà.

Àárẹ̀ ńkọ́?

Èyí ló ká mi lára jù. Ní 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé òṣùwọ̀n àárẹ̀ iṣẹ́ jáde, ó sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ fún àwọn olùkọ́, tó ní ìbéèrè 22. Nǹkan mẹ́ta ló ń wò: bóyá ọkàn òṣìṣẹ́ ti gbẹ, bóyá ó ti ń wo àwọn èèyàn bí igi lásán, àti bóyá ó ṣì ń rí i pé iṣẹ́ òun ń so èso. Ẹ fi ìyẹn wé àìdàgbà tí a ṣàlàyé lókè. Olùkọ́ tó ń kanra, tó ń yẹra fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò gbà pé ọ̀la lè dára: ṣé kò tíì dàgbà ni, àbí ó ti rẹ̀ ẹ́? Láti òde, ìkan náà ni wọ́n. Ìtọ́jú wọn ló yàtọ̀ síra. Ẹni tí kò tíì dàgbà nílò ẹ̀kọ́ àti ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó rẹ̀ nílò ìsinmi, kí ọmọ inú kíláàsì rẹ̀ dín kù, kí ọ̀gá rẹ̀ sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà míì. Bí ẹ bá fi ẹ̀kọ́ nípa sùúrù fún ẹni tó ti rẹ̀, ẹrù lẹ tún dì lé e lórí.

Nítorí náà, ìwádìí tó bá wọn ìdàgbà ìmọ̀lára olùkọ́ láìbéèrè iye kíláàsì tó ń kọ́, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, àti bó ṣe sùn lóru àná, ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òṣùwọ̀n tó ń ṣe déédéé àti èyí tó ń sọ òótọ́?

Ẹ ronú nípa ìwọ̀n ara kan tó máa ń fi kílò méjì kún ti gbogbo ẹni tó bá gun orí rẹ̀. Bí ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà kan náà ló máa fún yín. Ó ń ṣe déédéé, irọ́ ló sì ń pa. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí bá ń gbéra ga pé òṣùwọ̀n àwọn "ṣeé gbára lé," ohun tó sábà máa ń fi hàn wá ni nọ́ńbà kan láàárín 0 àti 1 tí Lee Cronbach ṣe ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ní 1951. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè náà ń tẹ̀ sí ibì kan náà. Ibi tí wọ́n ń tẹ̀ sí gan-an, bóyá ìdàgbà ni, bóyá àárẹ̀, bóyá ojú ayé, kò sọ ìyẹn. Láti mọ ìyẹn, ó di dandan kí ẹnì kan gbé máàkì orí ìwé lọ sí kíláàsì, kó wò ó bóyá ó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mu.

Nígbà tí wọ́n bá ní ọkùnrin àti obìnrin "yàtọ̀ síra" ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye máàkì tí ìyàtọ̀ náà jẹ́. Nínú iṣẹ́ ìṣirò, pé ìyàtọ̀ "nítumọ̀" kò wí pé ó tóbi. Ó kàn ń wí pé kò jọ èyí tó ṣèèṣì ni. Bí àwọn tí wọ́n bi léèrè bá pọ̀ gan-an, ìyàtọ̀ máàkì méjì péré lórí 240 lè "nítumọ̀," síbẹ̀ ẹ kò ní rí i bí ẹ bá wọ kíláàsì àwọn méjèèjì. Bákan náà, bí wọ́n bá ní olùkọ́ tí ìmọ̀lára rẹ̀ dàgbà ló ń kọ́ni dáadáa jù, ó lè jẹ́ pé ìdàgbà ló mú un kọ́ni dáadáa. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí kíláàsì rẹ̀ ń lọ déédéé ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀.

Kí wá ni a lè fi máàkì náà ṣe?

Kò yẹ kí wọ́n fi gbani síṣẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi dáni dúró, kò sì yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ bá ti mọ̀ pé oúnjẹ wọn wà lórí rẹ̀ ni kò ní sẹ́ni tó máa kọ òótọ́ sí i mọ́, òṣùwọ̀n náà á sì kú lọ́jọ́ náà.

Ibi tó ti dára ni ọwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀, kó máa wo apá márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan dípò àròpọ̀ wọn. James Gross, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìmọ̀lára, fi ọ̀nà méjì hàn wá. Èèyàn lè tún ọ̀rọ̀ náà wò kí inú tó ru, bíi kó ronú pé ọmọ tó sín òun jẹ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ pa lẹ́rìn-ín, kò kórìíra òun. Ó sì lè bo ìbínú mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó ti ru tán, kí ojú máa rẹ́rìn-ín kí inú máa jó. Gross àti Oliver John ṣe òṣùwọ̀n kékeré kan ní 2003 tó ń béèrè èyí tí èèyàn máa ń lò nínú méjèèjì. Ìbéèrè mẹ́wàá péré ni: mẹ́fà fún títún un wò, mẹ́rin fún bíbò ó mọ́lẹ̀. Máàkì àwọn méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í rò wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, irú èyí ṣe olùkọ́ lóore ju nọ́ńbà ńlá kan lọ, torí ó fi ohun tó lè yí padà hàn án. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ń tánni lókun. Ẹni tó bá ti fi odidi ọjọ́ ṣe é mọ bó ṣe máa ń rí bó bá délé.

Èmi àti àbúrò mi wo apá márààrún ti 118 rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn kò burú rárá. Àìdúró sójú kan ìmọ̀lára ló gbé e ga. Mo ní kó lọ ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbàkígbà tó bá jágbe, kó kọ ọjọ́, kíláàsì àti agogo. Nígbà tó mú un padà wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló jágbe. Méje nínú rẹ̀ jẹ́ ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì tó jẹ́ pé láti àárọ̀ ni kì í ti í rí àyè jókòó. Ó wò ó títí. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣe táìmù-tébù wa?" Mo sọ fún un. Ó pa ìwé náà dé, ó sì mú un lọ bá a.